Ìwé Yín Kò Tíì Pé

Yàrá Ramune ò fẹ̀, lórí àjà kẹrin ní Kíláípẹ́dà,
afẹ́fẹ́ òkun a máa kan fèrèsé rẹ̀ bí ẹni tó wá sin gbèsè.
Tábìlì kan péré ló gba ibẹ̀,
ẹsẹ̀ mẹ́ta ló sì kù fún tábìlì ọ̀hún;
bíríkì ni ẹsẹ̀ kẹrin.

Kọ̀ǹpútà méjì ló wà nísàlẹ̀, bí orogún tí kì í kíra wọn.
Ojú kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì fi ń ríran,
pátákó ìtẹ̀wé kan ni wọ́n fi ń gbọ́rọ̀,
àti eku kan, eku onírù gígùn,
tó ń sìnrú fún ihò méjì.

Àpótí kékeré kan ló ń ṣe onílàjà.
Kò ju páálí ìṣáná lọ: bọ́tìnnì kan lórí, iná méjì níwájú.
Tẹ̀ ẹ́, iná aláwọ̀ ewé á tàn. Èbúté nìyẹn:
kọ́ńténà, nọ́ńbà ọkọ̀ akẹ́rù, orúkọ awakọ̀, aago tí wọ́n dé géètì.
Tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, iná pupa.
Ojú á ṣókùnkùn díẹ̀, bí ẹni tó ń wá orúkọ ẹnì kan nínú ọpọlọ,
lẹ́yìn náà ni Bàbá á dé.

Jokubas ló ni ín. Kéréènì ló wà láyé rẹ̀,
ogójì ọdún ló fi gbé ẹrù ẹlẹ́rù sókè.
Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó ń ka ọkọ̀ láti ojú fèrèsé,
ìlà kan fún ọjọ́ kan: àwọ̀ rẹ̀, àsíá rẹ̀, ibi tó kọjú sí.
Nígbà tó kú, ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ ti fọ́,
kọfí ti ba pátákó rẹ̀ jẹ́, lẹ́tà bíi mẹ́fà ti yọ bí eyín àgbà.
Ramune gbé èyí tó kù gun àtẹ̀gùn,
ara tí kò lójú, tí kò lọ́wọ́.
Ó ní, “Ó dáa, ẹ wá fi tèmi ríran.”

Kò fi lẹ́tà kan kún ìwé náà rí. Ó kàn ń kà á ni.
Ìlà tó gbẹ̀yìn wí pé:
“Ọkọ̀ funfun kan ń bọ̀. N kò dá àsíá rẹ̀ mọ̀.
Ó dà bíi pé èmi ló ń bọ̀ wá gbé.”

Aago méjì òru. Yìnyín ń já.
Awakọ̀ kan, Zenonas, ń pariwo lórí fóònù,
ó fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sí Kíẹ́lì.
Ramune ń gbọ́ ọ, ó ń tẹ̀wé, ojú rẹ̀ wà lára ìka:
“Ẹ dúró lẹ́nu géètì.
Ìwé yín kò tíì pé.
Ẹ má wọkọ̀ títí n ó fi pè yín.”

Ó gbójú sókè.
Iná pupa.

Ọwọ́ tó ń tẹ̀ ò mọ etí tó tẹ́ sílẹ̀.
Ọ̀rọ̀ èbúté ti lọ jókòó lábẹ́ ọ̀rọ̀ Bàbá,
bí ọmọ tó di etí ẹ̀wù baba rẹ̀ mú.

“Ṣé o ṣì wà níbẹ̀?” ni Zenonas ń bi í. “N ò rí nǹkan kan gbà.”
Ìka Ramune wà lórí bọ́tìnnì tí a fi ń pa ọ̀rọ̀ rẹ́.
Fáànù kọ̀ǹpútà àgbà ń mí hẹlẹhẹlẹ.
Oṣù mẹ́rìnlá ti pẹ́ jù láti dá ẹnikẹ́ni dúró.
Ó mọ̀. Ta ni kò mọ̀?
Ó gbé ìka kúrò.
Ó tọ́jú ìwé náà bó ṣe wà,
ó tẹ àpótí, iná ewé tàn,
ó tún ọ̀rọ̀ kan náà kọ, lẹ́tà kan tẹ̀lé òmíràn,
fún ẹni tó lè dáhùn.
“Ó dáa,” ni Zenonas kọ padà. “Mo dúró.”

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé ohun tí ojú kúrò lára rẹ̀ ti tán,
ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ tábìlì yìí.
Èyí tí a kò kọjú sí kò sùn.
Ó ń jẹ iná, ó ń gbóná díẹ̀díẹ̀.
Ológbò ilé mọ̀:
ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló ń sùn sí.